Ẹni Tó Lẹ Òrùlé Ilé Ìwòsàn Náà

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2019, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún àárọ̀, ẹnì kan gé ihò onígun mẹ́rin sórí òrùlé ilé ìwòsàn alájà mẹ́ta kan. Ihò náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn náà, wọ́n ti dí i padà. Kò sí àríyànjiyàn lórí èyí. Àwòrán méjèèjì wà nínú ìwé àyẹ̀wò, aago wà lára wọn, aago náà sì bá ohun tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ sínú ìwé tirẹ̀ mu. Ẹni tó dí ihò náà ni gbogbo ayé wá ń jà lé lórí.

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí já lé léjìká jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Iṣẹ́ rẹ̀ kò rọrùn láti ṣàlàyé fún ará ilé, ká má tíì sọ ti aládùúgbò. Kì í kọ́ ilé, kì í sì í tún ilé ṣe. Awọ ilé ló máa ń yẹ̀ wò: òrùlé, ògiri ìta, fèrèsé, gbogbo ibi tí òjò àti oòrùn ti ń bá ilé fà á. Bí ilé bá ń jò, tí ẹni tó kọ́ ọ sọ pé òun kọ́, tí ẹni tó kùn ún náà sọ pé òun kọ́, òun ni wọ́n á pè pé kó wá wá ibi tí omi ń gbà wọlé, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì sọ bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó yé mi," ni àbúrò ìyàwó rẹ̀ sọ lọ́jọ́ kan. "Wọ́n ń sanwó fún yín kí ẹ lè sọ fún wọn pé ilé wọn ń jò. Ṣé wọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Wọ́n mọ̀ pé ó ń jò. Wọn ò mọ ibi tó ti ń jò."

"Ẹ gbọ́n jù, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò bá ti tètè fi iṣẹ́ yìí hàn mí."

Ẹnjiníà Òjò ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, tí gbogbo èèyàn ń sá wọlé, òun á gbé àkàbà, á máa jáde lọ. Ọ́fíìsì rẹ̀ jẹ́ yàrá méjì lókè ilé ìtajà gílàásì kan. Òun wà nínú yàrá kan, ìyàwó rẹ̀ wà nínú ìkejì. Tíṣà ni ìyàwó náà tẹ́lẹ̀. Òun ló ń tẹ gbogbo ìwé àyẹ̀wò, òun ló ń tọ́jú fáìlì, òun náà ló sì ka ìwé adójútòfò wọn láti ojú ewé kìn-ín-ní dé ìkẹtàlá, èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ kì í ṣe.

Nǹkan tó ń dẹ́rù ba oníṣẹ́ yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo. Èèyàn lè já bọ́ láti orí òrùlé. Èèyàn lè kọ gbólóhùn kan tí kò tọ̀nà, kí wọ́n fi ìmọ̀ràn rẹ̀ ná owó ńlá, kí omi ṣì máa wọlé. Èyí tó burú jù ni pé omi kì í kánjú. Ilé tí o yẹ̀ wò lónìí lè jò lọ́dún mẹ́fà sí i, kí lọ́yà wá kan ilẹ̀kùn rẹ nígbà tí o ti gbàgbé àwọ̀ ilé náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń san owó ìńṣọ́ránsì lọ́dọọdún. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìmọ̀ràn ẹnjiníà ló ba nǹkan òun jẹ́, ilé iṣẹ́ adójútòfò á gba lọ́yà fún un, wọn á sì san ohun tó bá yẹ kí ó san.

Ṣùgbọ́n ìlà kan wà ní ojú ewé kẹfà tí ìyàwó náà kà sókè lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìwé náà. Ẹnu ọkọ rẹ̀ àti bírò rẹ̀ ni wọ́n gbà láti dúró fún. Ohunkóhun tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, tó gé, tó lẹ̀, tàbí tó tún ṣe, kò kàn wọ́n.

"Ṣé o gbọ́?" ló bi í.

"Mo gbọ́. Kí ló tún fẹ́ fà mí dé ìdí ká máa fọwọ́ ṣiṣẹ́?"

Ó mọ òfin náà kí ó tó gba ìwé. Bí òun bá fura pé omi ti há sábẹ́ rọ́bà dúdú tí wọ́n tẹ́ sórí òrùlé pẹrẹsẹ, ṣọ́ọ̀kì ni òun máa fi sàmì síbẹ̀. Oníṣẹ́ òrùlé tó ní káàdì ilé iṣẹ́ tó ṣe rọ́bà náà á gé e, òun á bẹ̀rẹ̀ wò ó, oníṣẹ́ òrùlé á sì dí i padà. Inú àpò ni ọwọ́ tirẹ̀ ń wà. Àwọn tó ṣe rọ́bà náà kì í fi ọ̀rọ̀ káàdì ṣeré: ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń ṣe ìdúró fún òrùlé, gàráńtì tí gbogbo onílé ń gbọ́kàn lé, ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò ní káàdì bá fi ọ̀bẹ kàn án péré, gàráńtì ti kú nìyẹn.

Oníṣẹ́ òrùlé tó ní káàdì lórí iṣẹ́ ilé ìwòsàn yẹn ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ara rẹ̀ tín-ín-rín bí àkàbà tó máa ń gbé. Òun àti Ẹnjiníà Òjò ti jọ ṣiṣẹ́ òrùlé lábẹ́ ọ̀gá kan fún ọdún mẹ́jọ, nígbà tí àwọn méjèèjì kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Bàtà iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ní fún ìgbà kan. Ẹni tó bá wà nídìí iná gáàsì ló ń wọ̀ ọ́, èkejì á wọ sálúbàtà. Nígbà tó yá, ọ̀kan lọ sí yunifásítì, èkejì dúró sórí òrùlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá yẹn, aago mẹ́sàn-án ló yẹ kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dé. Táyà ọkọ̀ rẹ̀ bẹ́ lójú ọ̀nà. Aago mẹ́wàá lù. Ẹnjiníà Òjò ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, ojú ọ̀run sì ti ń ṣú bọ̀ láti apá kan. Ìgò gáàsì tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú wà níbẹ̀. Ọ̀bẹ wà níbẹ̀. Ègé rọ́bà tuntun wà níbẹ̀. Ó ní òun ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gé e, ó wo abẹ́ rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Ó tan iná, ó yọ́ ẹ̀yìn rọ́bà náà títí tó fi ń dán, ó tẹ́ ẹ, ó fi róólà tẹ̀ ẹ́ láti àárín bọ̀ sí etí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ọdún tí irun rẹ̀ ṣì dúdú.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gorí òrùlé nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti parí. Ó fi àtàǹpàkò rìn yí etí rọ́bà náà ká.

"Àṣé ọwọ́ rẹ ò tíì gbàgbé. Yunifásítì ò tíì bà á jẹ́ tán."

Inú Ẹnjiníà Òjò dùn. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ń súfèé nígbà tó wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà, ọkùnrin tí kì í súfèé.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó náà ń tẹ ìwé àyẹ̀wò. Ó dé ojú ewé kọkànlá, ó dúró.

"Èmi fúnra mi ni mo gé e, èmi ni mo sì dí i," ló kà sókè. "Baba àwọn ọmọ, ta ló bi ọ́?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn."

"Mo ní ta ló bi ọ́?"

"Bí mo bá fi í sílẹ̀, tí ẹnì kan wá bi mí lọ́dún mẹ́wàá sí i ńkọ́? Tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà."

Ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Ìwé náà jẹ́ ojú ewé mẹ́rìnlá. Ní ojú ewé kẹjọ, pẹ̀lú lẹ́tà tó dúdú ju ìyókù lọ, Ẹnjiníà Òjò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹsẹ̀ páìpù tó yọ jáde ní apá ẹ̀yìn òrùlé ti ń là, pé kí wọ́n tún un ṣe kí oṣù kan tó pé, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á wọ yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fi í sínú àpòòwé, wọ́n fi ránṣẹ́ sí alábòójútó ilé ìwòsàn. Ó fọwọ́ sí i pé òun gbà á.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, òjò kan rọ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Omi gba ẹsẹ̀ páìpù yẹn wọlé, ó da sórí ẹ̀rọ mẹ́ta nínú yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan páìpù náà láti ìgbà tí ìwé ti dé. Láti ibẹ̀ sí ihò tí wọ́n dí, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko ni.

Ilé ìwòsàn kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ rọ́bà pé kí gàráńtì ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ rọ́bà ní ẹnì kan ti gé òrùlé àwọn. Bí ó bá ní káàdì, àwọn á san. Bí kò bá ní, ó dìgbà. Lọ́yà ilé ìwòsàn wá kọ̀wé sí Ẹnjiníà Òjò pé bí gàráńtì bá kú, òun ló pa á, òun ni yóò ra ẹ̀rọ. Ẹnjiníà Òjò gbé ìwé lọ́yà náà lọ sọ́dọ̀ adójútòfò tirẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn á bá a gbé e, bí ó bá jẹ́ pé ìmọ̀ràn nìkan ló fún wọn. Gbogbo rẹ̀ wá rọ̀ mọ́ ìbéèrè kan: ta ló dí ihò náà?

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Ó wá sí ọ́fíìsì, kò tilẹ̀ jókòó.

"Èmi ni mo dí i."

"Ìwọ kọ́."

"Mo ní èmi ni. Mo ní káàdì. Mo wà lórí òrùlé lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ṣọ́ kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ta ló fẹ́ mọ̀ bóyá mo pẹ́ kí n tó dé?"

"Ó wà nínú ìwé tí mo kọ. Ojú ewé kọkànlá."

Ìyàwó rẹ̀ yọ orí láti yàrá kejì. "Alábòójútó ilé ìwòsàn pè láàárọ̀ yìí," ló wí. "Ó ní òun ò rí ẹ̀dà tiwọn mọ́, kí n bá òun tẹ òmíràn." Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. "Mo lè tẹ òmíràn."

Nísàlẹ̀, ẹni tó ń gé gílàásì ń gé e lọ.

"Ẹ ò ní parọ́ kankan," ni ìyàwó náà tún sọ. "A gé e, a sì dí i. Ohun tí màá kọ nìyẹn. Ṣé irọ́ ni? Ẹ̀yin méjèèjì lẹ wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀ nígbà tó ti parí."

"Ọ̀rẹ́ mi," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ, "ṣé ilé ẹjọ́ lo fẹ́ lọ kú sí ni? Gbé ẹnu dákẹ́. Èmi ló ń sọ ọ́, kì í ṣe ìwọ."

Ẹnjiníà Òjò ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ń wo fèrèsé. Àwọn méjì tó kù gbà pé ó ti gbà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí lọ́sẹ̀ kejì, ìyàwó sì fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n dá láti yẹ òrùlé wò jẹ́ Ọjọ́rú, oòrùn mú ganrínganrín. Èèyàn mẹ́fà ló wà lókè: Ẹnjiníà Òjò, ìyàwó rẹ̀ tó di fáìlì mọ́ra, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, alábòójútó ilé ìwòsàn, ọ̀dọ́bìnrin kan láti ilé iṣẹ́ adójútòfò tí fìlà iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń dán, àti aṣojú ilé iṣẹ́ rọ́bà. Aṣojú yìí sanra, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí nǹkan.

"Èyí nìyí?" Ó fi bàtà tẹ etí rọ́bà náà. "Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni, sà," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dáhùn.

"Káàdì rẹ dà?"

Ó fi káàdì hàn án. Aṣojú wò ó, ó dá a padà.

"Káàdì pé. Gàráńtì dúró."

Ọ̀dọ́bìnrin adójútòfò kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàwó Ẹnjiníà Òjò mí kanlẹ̀, mímí tí gbogbo wọn gbọ́. Ó wá ku kí wọ́n gba àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n aṣojú náà kò kúrò níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ikùn rẹ̀ kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ dáadáa.

"Wo igun rẹ̀. Ó mú ṣóńṣó. Ọdún wo la ti sọ pé kí wọ́n máa gé igun ní róbótó? Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́, bàbá?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo kánjú ni."

"O kánjú. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ò ní ṣe báyìí. Ká ní èmi ni mo fún ọ ní káàdì ni, mo ti gbà á." Ó rẹ́rìn-ín sí alábòójútó. "Ìka lásán ni mo máa fi ṣí nǹkan yìí, ẹ máa wò ó. Irú iṣẹ́ tí ń ba orúkọ wa jẹ́ nìyí. Màá ní kí wọ́n bó o sọ nù, kí ẹni tó mọṣẹ́ wá ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. Ó ń wolẹ̀.

"Ẹ fà á," ni Ẹnjiníà Òjò sọ.

Aṣojú yíjú. "Kí lẹ wí?"

"Mo ní kí ẹ fà á. Ẹ ní ìka lẹ máa fi ṣí i. Ẹ ṣí i ká rí i."

"Baba àwọn ọmọ," ni ìyàwó rẹ̀ sọ jẹ́jẹ́.

"Ọ̀gá, kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ òrùlé?"

"Ó kàn mí. Èmi ni mo dí i. Ọwọ́ mi yìí ni. Ẹ fà á, bó bá ṣí, ẹ máa pè mí lọ́mọ ìkọ́ṣẹ́ títí tí màá fi kú."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣì ń wolẹ̀. Aṣojú kọ́kọ́ fi ìka fà á, kò mì. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀mú wá. Wọ́n fi ẹ̀mú di igun tó mú ṣóńṣó yẹn mú, ọkùnrin náà fà á títí òógùn fi bò ó lójú. Rọ́bà náà na díẹ̀, ó padà síbi tó wà. Níkẹyìn, wọ́n fi ọ̀bẹ gé e kúrò. Abẹ́ rẹ̀ gbẹ bí ìyẹ̀fun.

"Ẹ rí i?" ni Ẹnjiníà Òjò wí. Ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ rí i?"

Wọ́n rí i. Ọ̀dọ́bìnrin náà fa ìlà sórí ohun tó kọ tẹ́lẹ̀, ó ṣí ojú ewé tuntun, ó sì bi í láìgbé ojú sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tún un sọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gé e, ẹ̀yin lẹ sì dí i?"

Ẹnjiníà Òjò ní òtítọ́ ni òun sọ lórí òrùlé yẹn, pé ara òun kò gba irọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní òtítọ́ kọ́, ìgbéraga ni: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló fi gbé irọ́ náà mì láìbì, ìgbà tí wọ́n bú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló tó rántí òtítọ́. Ó ṣòro láti sọ pé obìnrin náà purọ́ mọ́ ọn. Yálà òtítọ́ ni o tàbí ìgbéraga, ìwé adójútòfò kò ní àyè tí wọ́n ń kọ irú rẹ̀ sí.

Ìlà mẹ́rin ni ìdáhùn wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ kò sí lára ohun tí àwọn dúró fún. Wọ́n tún fi kún un pé ìwé ẹ̀rí tí kì í ṣe òótọ́ ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà àwọn ò ní ta ìwé fún un mọ́. Láìsí ìwé adójútòfò, kò sí onílé ńlá kan tó máa gba oníṣẹ́ awọ ilé lálejò. Nígbà tí oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e fi parí, ẹlòmíràn ti gba yàrá méjèèjì lókè ilé ìtajà gílàásì, wọ́n ti ta ilé tí wọ́n ń gbé láti fi ra ẹ̀rọ fún ilé ìwòsàn, ìyàwó rẹ̀ sì ti padà sí kíláàsì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án ní ìṣirò.

Àpòòwé àkọ́kọ́ jáde nígbà tí wọ́n ń kó yàrá alábòójútó. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, gọ́ọ̀mù etí rẹ̀ kò tíì ṣí. Wọ́n tún ẹsẹ̀ páìpù ṣe lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ tó wà ní ojú ewé kẹjọ ni oníṣẹ́ tuntun tí wọ́n pè tẹ̀ lé, kò yọ nǹkan kan kúrò, kò fi nǹkan kan kún un. Kò sì jò mọ́.

Ilé iṣẹ́ rọ́bà gba káàdì lọ́wọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nítorí ẹ̀rí irọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ní i.

Wọn ò ríra fún oṣù méje. Lẹ́yìn náà, Ẹnjiníà Òjò wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìkọ́lé, ó fẹ́ ra ìṣó fún ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n háyà. Àwọn mẹ́ta ń já síménì láti inú ọkọ̀ ńlá kan, wọ́n ń gbé e wọlé lórí. Ọ̀kan nínú wọn tín-ín-rín, erùpẹ̀ síménì ti sọ irun rẹ̀ di funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó nà ró.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́," ni Ẹnjiníà Òjò pè. "Ṣé dáadáa lo wà?"

"A dúpẹ́, sà. Ilé ńkọ́? Ṣé ìyàwó yín ń gbádùn?"

Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ti mọra, kò pè é ní ẹ̀yin rí. Ẹnjiníà Òjò dúró pẹ̀lú ìṣó nínú ọ̀rá lọ́wọ́.

"Mo ti fẹ́ wá sílé rẹ," ló wí. "Lójoojúmọ́ ni mo ń rò ó. Nǹkan tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ohun tó gbé mi—"

Wọ́n ké láti inú ọkọ̀ pé ẹrù ń dúró. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbọn erùpẹ̀ kúrò léjìká rẹ̀, ó tún òṣùká orí rẹ̀ ṣe, ó tẹrí ba díẹ̀ bí èèyàn ṣe ń tẹrí ba fún ọ̀gá.

"Ọwọ́ yín dáa, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo wa la rí i."